Pákó Apá Tí Bàbá Là Sílẹ̀

Bọ̀dá mi Zulkifli,

Ẹ kú òtútù ìlú òyìnbó o. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún Màámi ti fúyẹ́ díẹ̀, iṣu tuntun ti dé Ọ̀sí, èmi ìyàwó tuntun sì ń rẹ́rìn-ín lójú oorun! Ṣítù ọkọ mi ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ láàárọ̀ títí ojú fi ń tì mí.

Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ pákó apá ni mo fẹ́ sọ, èyí tí Bàbá là sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, pé òun ni ilẹ̀kùn ilé yín. Ṣítù fẹ́ fi ẹ̀rọ rẹ̀ gbẹ́ orúkọ Bàbá, Ràímì, sí i. Kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ náà kì í rí ọbẹ. Irú ọbẹ tí a bá sọ fún un ló máa gbà. Tí a bá ní ẹnu ọbẹ ṣe ṣóńṣó, á tẹ̀ ẹ́ wọnú igi gan-an kí lẹ́tà tó lè fẹ̀. Ọbẹ ẹlẹ́nu fífẹ̀ ni Ṣítù kì bọ ẹ̀rọ, kò sì rántí sọ fún kọ̀ǹpútà, tó ṣì gbà pé ṣóńṣó ni. Àwọn lẹ́tà jẹ ara wọn.

Màámi fọwọ́ pa á. "Ṣítù, níbo ni Ràímì wà nínú ihò yìí?"

Mo ní, "Ká fá ojú pákó náà ńkọ́?"

Ṣítù ní, "Á fẹ́lẹ́ bíi bébà."

Ẹ má fowó pákó mìíràn ránṣẹ́. Ẹni tó là á ti wà nínú ilẹ̀. Ẹ ṣáà pe Màámi. Kí Ọlọ́hun mú yín bọ̀ láyọ̀. Tí ẹ bá dé, aṣọ Bàbá tí Màámi fi kọ́ lẹ máa rí lẹ́nu ọ̀nà yín. Wọ́n ní ilẹ̀kùn nìyẹn.

Misturah, àbúrò yín.