Káàdì Kékeré Tí Wọ́n Ní Kò Yẹ Màmá Wa

                                        Ilé Màmá,
                                        Ẹ̀yìn iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Ìyá Ìbejì, àyànfẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn báyìí àbí wọ́n ṣì fi ọ́ ṣe ọlọ́dẹ? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé o ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò, àbí o ṣì ń fi òróró pa á tí o ń sọ pé yóò lọ fúnra rẹ̀? Mo mọ̀ pé wàá ní kí n sọ tèmi ná. Ara mi le. Inú mi ni kò dùn, mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé ó dùn. Bó bá jẹ́ lẹ́tà tí yóò pa ọ́ lẹ́rìn-ín lò ń wá, gbé èyí sílẹ̀ di ìgbà tó o bá jẹun tán.

O rántí pé mo ti sọ fún ọ pé Màmá ṣe eré orí ìtàgé rí, kí wọ́n tó bí èmi àbíkẹ́yìn wọn. Nínú gbogbo eré tí wọ́n ṣe, ẹyọ kan ṣoṣo ló wọ inú fídíò, èyí tí wọ́n ti ṣe opó tó dìde nílé ẹjọ́ láti gba ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ padà. Màmá fúnra wọn ò wò ó rí. Ọwọ́ ẹni tó ni ẹgbẹ́ òṣèré ni kásẹ́ẹ̀tì náà wà, ìgbà tí onítọ̀hún kú ni ìyàwó rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wa. Àsìkò yẹn náà ni dókítà ojú sọ fún wa pé ojú Màmá ń lọ. Ó ní oògùn tí wọ́n ń kán sí i kàn ń fà á sẹ́yìn díẹ̀ ni, pé èyí tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti rọra sọ fún mi pé ohun tí Màmá bá fẹ́ fi ojú wọn rí, kí a tètè jẹ́ kí wọ́n rí i. Bí a ṣe ń lọ sílé, mo bi Màmá léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ara àwọn nígbà tí àwọn ṣì ń rìn bí ẹni tó ni ilẹ̀.

O mọ iṣẹ́ mi. Àwọn kọ̀ǹpútà tí mo fi ń to ojú ìwé ní iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé wa, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ló wà nínú wọn, irú èyí tí àwọn tó kọ ọ́ ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè wò ó kí wọ́n sì tún un ṣe. Mo mọ̀ ọ́n lò bí mo ṣe mọ ilé ìdáná mi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ da ògbólógbòó kan nù nínú wọn, mo tọrọ rẹ̀, mo gbé e sí pálọ̀ Màmá, mo so ó mọ́ tẹlifísọ̀n wọn. Ó di sinimá inú ilé. Orin ń dún, fọ́tò ń hàn. Ṣùgbọ́n fídíò Màmá kò lọ geere. Ẹni tó bá mi kó o kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì ti tún un ṣe débi tó fi mọ́ rekete, ọpọlọ kọ̀ǹpútà arúgbó yẹn ò sì gbé e. Màmá á ti sọ̀rọ̀ tán nínú eré kí ètè wọn tó mì. Ohun tó kù kò ju pé ká fi káàdì tó ń gbé àwòrán jáde kún un.

Mo wádìí káàdì yìí bí ẹni ń wádìí ọkọ fún ọmọ. Àpótí kọ̀ǹpútà náà tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà káàdì ọ̀hún gbọ́dọ̀ kúrú. Iná tí ẹ̀rọ náà ń fà kò pọ̀, káàdì náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ alájẹkì. Mi ò fẹ́ èyí tó ní fáànù, torí ta ló fẹ́ kí nǹkan máa mí hẹlẹhẹlẹ sí òun létí nígbà tó ń wo eré? Olórí rẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe é gbọ́dọ̀ ti sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á kàn jókòó sínú kọ̀ǹpútà bí àlejò tí kò gbọ́ èdè ilé ni. Mo rí ọ̀kan. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Obìnrin tó ń ta páàtì kọ̀ǹpútà ní ìkòríta wa ní òun ti ta irú rẹ̀ fún àwọn mélòó kan, kò sì sí èyí tó padà wá bá òun jà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fi tó Bọ̀ọ̀dá wa àgbà létí, torí òun ni àkọ́bí, èèyàn kì í sì í ṣe nǹkan Màmá lẹ́yìn rẹ̀. Má bínú pé mò ń pè é ní "òun". Ọ̀wọ̀ mi ti tán. Ó pe ìpàdé ẹbí lórí fóònù. Ìpàdé lórí káàdì! Ó ní, "Màmá tó bí wa, ohun tó kéré jù lọ́jà la fẹ́ rà fún wọn? Kí ayé lè máa sọ pé a ò tọ́jú ìyá wa?" Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí. Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré tàbí ńlá, ọ̀rọ̀ èyí tó bá ẹ̀rọ mu ni. Ó bi mí bóyá èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun lọ́gbọ́n. Gbogbo àwọn tó kù ní Bọ̀ọ̀dá sòótọ́, pé nǹkan Màmá gbọ́dọ̀ gbayì. Wọ́n ní ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Èmi ò rí obì kankan tó gbó níbẹ̀, ẹnu nìkan ni mo rí.

Ló bá ránṣẹ́ ra ti ọlọ́lá. A dúró dè é títí. Nígbà tó dé, ó gùn tó apá ọmọdé, fáànù mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀, iná pupa àti àwọ̀ ewé ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ilé ijó. Kò wọ inú àpótí. Ó ní kí a ra àpótí tuntun. Àpótí dé, iná tó wà níbẹ̀ kò tó káàdì náà í jẹ, a tún dúró de ẹ̀rọ tó ń pín iná tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n fi kékeré yẹn sí i ná, kí Màmá máa wo eré wọn, tí tirẹ̀ bá dé kó yọ ọ́ dànù. Ó ní mo fẹ́ fi òun wọ́lẹ̀. Màmá fúnra wọn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Jẹ́ kó ṣe é bó ṣe fẹ́. Mo lè dúró." Ní gbogbo àsìkò yẹn, wọn ò ka ìwé ìròyìn mọ́. Wọ́n ní irọ́ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ pé, Bọ̀ọ̀dá mú ìyàwó rẹ̀ wá kó lè yà wá ní fọ́tò. Mo tún sọ fún un pé àwọn tó ṣe káàdì yìí kò sọ àṣírí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, pé kọ̀ǹpútà wa kò ní mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n tan án, kí n yé sọ̀rọ̀. Mo tan án. Fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ohùn Màmá jáde láti inú tẹlifísọ̀n, ohùn ọmọge, ó ń bi adájọ́ léèrè ẹni tó kọ́kọ́ gbin igi sórí ilẹ̀ yẹn. Àwòrán kò jáde o. Ojú tẹlifísọ̀n dúdú kirimú.

Màmá sún síwájú lórí àga wọn. Ẹ̀rín bo ojú wọn. Wọ́n na ọwọ́ sí tẹlifísọ̀n dúdú yẹn, wọ́n ní, "Ẹ wò mí! Ẹ wo bí mo ṣe ń rìn! Ó mà mọ́ kedere o. Ọlọ́run ó bù kún ẹ, ọmọ mi."

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá fi ọwọ́ bo ẹnu.

Màmá ní, "Kí ló dé tí gbogbo yín dákẹ́?"

Ìyá Ìbejì, mi ò mọ ọjọ́ tí ojú náà lọ tán. Bóyá nígbà tí a ń dúró de àpótí ni. Bóyá nígbà tí a ń dúró de iná. Wọ́n kàn ń fi ìrántí rìn káàkiri ilé, wọ́n ń tàn wá kí àwa ọmọ má baà torí ẹ̀ jà. Mo wo Bọ̀ọ̀dá, mo rò pé á sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fún wáyà tí kò tú le. Lẹ́yìn náà ló ní òun ní ẹni tí òun fẹ́ rí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó padà wá, káàdì rẹ̀ ló wá yọ. Ó ní kó má baà ṣòfò. Mo gbọ́ pé ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà tó fi ń gbá géèmù nílé rẹ̀, ó sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun ra sinimá inú ilé fún ìyá òun. Àwọn ẹbí ní kí n dárí jì í. Mi ò tíì ṣe tán.

Mo ra káàdì kékeré yẹn. Ó ṣì wà lórí àtẹ obìnrin yẹn. Mo tì í bọ inú kọ̀ǹpútà, mo tan án, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bí omi. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Màmá kò bá mi sọ̀rọ̀ ojú, èmi náà ò bá wọn sọ ọ́. Wọ́n kàn bi mí pé aṣọ wo ni àwọn wọ̀ nínú rẹ̀. Mo ní aláwọ̀ ewé ni. Wọ́n ní irọ́ ni, aláró ni, pé ṣé èmi ni mo wọ̀ ọ́ ni? Mo tún wò ó. Aláwọ̀ ewé ni, Ìyá Ìbejì. A jiyàn díẹ̀, bí ìyá àti ọmọ ṣe ń jiyàn, títí mo fi rí i pé kò sí bí mo ṣe fẹ́ fi hàn wọ́n. Mo ní, "Aláró ni, Màmá." Wọ́n ní, "Mo ṣá sọ fún ẹ."

Bí ìyá tìrẹ bá ní àwọn fẹ́ rí nǹkan, jọ̀ọ́, má pe ìpàdé.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì dáadáa, kí o sì gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Kí ìyá rẹ náà, sọ fún wọn pé mò ń béèrè wọn. Lọ yẹ ẹsẹ̀ yẹn wò.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí,

Àbíkẹ́yìn Màmá.