Owó Inṣọ́ránsì Mi àti Oríta Kessock

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá
Lẹ́tà inṣọ́ránsì ọkọ̀ dé. Wọ́n tún fi òjìlénígba dọ́là kún owó ọdún yìí. Èmi Orrin Haskett, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí n kò forí ọkọ̀ sọ ẹnikẹ́ni rí! Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sọ ìdí. Ogójì ọdún ni mo fi wọn ilẹ̀ fáwọn èèyàn. Iye tí kò ní ìdí kì í jẹ́ kí n sùn.

Bọ́ọ̀sì akérò kì í dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Bí agbára mi ò bá ká owó ọkọ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Phoenix ni — nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Ìṣẹ́gun, 7
Mo lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì rẹ̀. Tamsin Doyle ni wọ́n sọ ọ́, òun ló ń ta inṣọ́ránsì fún wa. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn, torí ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní ọjọ́ orí wà níbẹ̀, pé téèyàn bá ti ju márùndínlọ́gọ́rin lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un. "Ṣùgbọ́n, Bàbá Haskett, àdúgbò yín gan-an lọ̀rọ̀ wà." Àgbọ̀nrín tí ń já lu ọkọ̀. Yìnyín tó ń fọ́ gíláàsì. Àti Oríta Kessock: ìjàǹbá mọ́kànlá láàárín ọdún méjì, arúgbó ló wakọ̀ nínú mẹ́jọ.

Mo ní n kò sí nínú ìkankan. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwé ò mọ̀ yín, Bàbá. Ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé ló mọ̀."

Mo ń rò ó títí mo fi délé. Kí ló ṣe oríta yẹn?

Ọjọ́rú, 8
Mo bi Abẹ́rẹ́ ní iye tó ń san. Wilda Prouty ni, ẹ̀gbọ́n Martha, ìyàwó mi tó ti dolóògbé. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Torí pé ẹnu rẹ̀ ń gúnni ni mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀ — nínú ìwé yìí nìkan o! Òdìkejì títì ló ń gbé. Owó tirẹ̀ kò ju ìdajì tèmi lọ! Títì yẹn ni ààlà. Nọ́ńbà àdúgbò tí à ń kọ sára lẹ́tà yí padà níbẹ̀: wọ́n ka tirẹ̀ mọ́ àwọn oko, wọ́n ka tèmi mọ́ oríta.

"Ṣé ká gbé ilé ẹ kọjá títì ni?" Ó ń gé páì ápù fún mi. "Lọ mú okùn ìwọnlẹ̀ ẹ wá."

Ọjọ́bọ̀, 9
Mo gbé àga lọ sí Oríta Kessock láti aago méje àárọ̀. Kọfí, ìwé, gègé. Oòrùn yọ, ó sì dojú kọ ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà oko gbọnrangandan. Ẹ̀ka igi bo àmì Dúró, ó ku etí kan. Ọkùnrin kan sọ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní èló ni mò ń ta àga.

Ẹtì, 10
Àgbọ̀nrín mẹ́rin. Ọkọ̀ mẹ́rìndínlọ́gọ́fà. Òtútù mú ìdí mi.

Ìṣẹ́gun, 14
Mo wọ̀n ọ́n. Ó ku ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ péré kí n dé ìdí àmì náà kí n tó rí i. Ta ló lè tẹ bíréèkì kó mú níbẹ̀, tòun ti oòrùn lójú? Kì í ṣe arúgbó ló ṣẹ̀, igi ni! Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó títì. Inú mi dùn bí ọmọdé.

Ajé, 20
Wọ́n ti gé e! Àmì Dúró yọ, ó pupa fòò.

Ìṣẹ́gun, 21
Mo padà lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ojú ọ̀run ṣú, kò sóòrùn rárá. Gbogbo ọkọ̀ ń dúró, ọ̀kan kò yẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan ń bọ̀. Wilda. Mo juwọ́ sí i. Kò dúró — kò tilẹ̀ dẹwọ́ eré. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé fọn fèrè, ó yà wọ inú koríko. Ọpẹ́lọpẹ́ awakọ̀ yẹn. Wilda ń lọ ní tirẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́rú, 22
Mi ò lọ síbì kankan.

Ọjọ́bọ̀, 23
Mo lọ bá Wilda nílé. Kọfí ife méjì kí n tó lè lanu. Mo ní, "Ẹ ò dúró ní Kessock níjẹta." Ó ní, "Ta ló ní n ò dúró?" Mo ní èmi, mo wà níbẹ̀, mo juwọ́ sí yín. Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Ojú mi òsì ti ṣú látìgbà ooru. Ọ̀tún náà ń tẹ̀ lé e."

Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ.

"Wọn ò bi mí. Owó inṣọ́ránsì mi tiẹ̀ wálẹ̀ lọ́dún yìí." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. N kò rí ẹkún rẹ̀ rí, àfi nígbà tá a sin Martha. Mo sọ ti bọ́ọ̀sì náà fún un. Kò mọ̀ rárá pé bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀.

Ó ní ta ni yóò gbé òun lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní èmi.

"Ìwọ tó ń wakọ̀ bí ìgbín?"

"Ìgbín náà ń délé, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò tètè fi í sílẹ̀. Ó wá ní, "Ojú tìẹ ńkọ́?" Mo ní ó dáa. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Ọdún mẹ́fà rèé tí dókítà ti wo ojú mi gbẹ̀yìn.

Ẹtì, 24
Mo ti pe dókítà ojú. Ajé, aago mẹ́wàá, àwa méjèèjì. Èmi ni n ó wa ọkọ̀ lọ. Ẹni tí yóò wà á bọ̀, n kò tíì mọ̀.