Ogún Bàbá Yín Tí A Fẹ́ Dá Padà

Zulkifli ọmọ mi, ọkọ Àràmátù, bàbá Ummusalamah,

Mo kí yín láti Ṣakí. Ẹ kú òòrùn Libreville, ẹ kú ọjà. Ọlọ́run á bá wa wo ojú iṣẹ́ abẹ yẹn sàn. Èmi le, eyín mi kan ló yọ, mo sì jù ú sórí òrùlé bí ọmọdé, bóyá òmíràn á hù. Muslimat ọmọ Qowiyyu ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi kọ̀wé yìí.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sínú fóònù, mo ṣe àmín sí i títí, o ò dá mi lóhùn. O ní jẹjẹrẹ ni wọ́n bá nínú kíndìnrín tí wọ́n yọ. O ní àwọn kan wà lára èèyàn tó ń tún ibi tó bá ya rán, bíi tẹ́lọ̀, pé tẹ́lọ̀ kan lára tìrẹ ò mọṣẹ́, àti pé ọ̀dọ̀ bàbá yín lo ti jogún rẹ̀. Ó bí mi nínú! Oko iṣu tó fi sílẹ̀, wọn ò fún ọ ní ebè kan torí o wà ní Gàbọ́ọ̀nù, àìsàn wá ni wọ́n pín kàn ọ́!

Ni mo bá lọ bá Bàbá Bẹ̀llò, olórí ẹbí, pé kí wọ́n tún ogún yẹn pín, ọmọ mi ò fẹ́ tirẹ̀. Ó ní ìyàwó, ṣé orí rẹ pé? Mo ní bí ò bá pé, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó. O sì mọ̀ pé nílé wa, ká tó pín nǹkan, kálukú á kọ́kọ́ sọ èyí tó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mú nǹkan kan. Ó wá kan Qowiyyu. Ó ní láti ààwẹ̀ tó kọjá lòun ti ń tọ ẹ̀jẹ̀, òun rò pé àtọ̀sí ni, ojú ti òun láti sọ.

Zulkifli, bàbá yín náà tọ ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀sí la pè é, agbo la fún un títí tó fi lọ.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Bẹ̀llò ní ohun tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹbí ò lè gbà á padà, àmọ́ a lè mọ ọwọ́ ẹni tó wà. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ń gbé Qowiyyu lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ńlá n'Ìbàdàn, àwọn tó kù nínú yín á lọ fa ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà. Muslimat ń sunkún bó ṣe ń kọ ibí yìí, mo ní kó nu ojú ẹ̀ kó má ba ìwé jẹ́.

Jọ̀ọ́, fowó ránṣẹ́. Má fi sí báǹkì o, ẹ̀rọ tó ń pọ owó lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ ò lẹ́kọ̀ọ́, mo kí i kí i, kò dáhùn. Fi rán Adédàpọ̀ tó ń bọ̀ wálé láti ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀. Fi ìwé tí dókítà kọ orúkọ tẹ́lọ̀ burúkú yẹn sí kún un, káwọn ará Ìbàdàn lè mọ ẹni tí wọ́n ń wá.

O ní Ummusalamah lè ní in, ó sì lè máà ní in, pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń ṣàìsàn. Ìyẹn ni mo dì mú tí mo fi ń sùn.

Ọlọ́run tí í rán ohun tó ya á bá wa rán ilé wa. Ẹ̀yin lẹ máa sin mí, mi ò ní sin ìkankan nínú yín. Nínú gbogbo ogún bàbá yín, ìpín tèmi tí mo fẹ́ nìyẹn.

Èmi ìyá rẹ,
Sìlífátù