Ṣọ́ọ̀kì Tó Kúrú fún Jíìpù Ọkọ Mi

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, ó rí wúruwùru bí ipa ẹsẹ̀ adìẹ. Ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ọ̀rọ̀ kì í tètè bọ́ lẹ́nu mi, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti orí pépà. Ẹ bá mi fara balẹ̀.

Mo ti lọ́kọ, Bàbá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n gbé mi wá láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, oṣù kẹta rèé. Ọkọ mi jẹ́ èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Jíìpù ló fi ń kó iṣu àti èrò wá láti Ìkòyí-Ilé àti àwọn abà ẹ̀yìn rẹ̀. Kòtò ti pọ̀ jù lọ́nà ibẹ̀, ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì ṣe fi súpíríǹgì gígùn gbé jíìpù náà sókè. Ó ga débi pé àwọn ìyá àgbà ń gun àpótí kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì àtijọ́, tí kò lè nà dé gíga tuntun náà, ni wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ iwájú kan bọ́ sí kòtò lẹ́bàá odò, ṣọ́ọ̀kì nà títí ó fi já, ọkọ̀ wá ń fì bí ọ̀mùtí. Díẹ̀ ló kù kó re odò tèròtèrò. Nígbà tí ọkọ mi délé, ó ti àwo ẹ̀bà rẹ̀ sẹ́yìn.

Láàárọ̀ yìí, mo tẹ̀ lé ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ra òmíràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan gùn, erùpẹ̀ bò ó. Èkejì ń dán, kò sì gùn ju èyí tó já lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé èyí tó ń dán sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó já, wọ́n ní méjèèjì dọ́gba, ó parí. Eyínmẹ́nugún ni mo sọ wọ́n, ìyàwó kì í ṣáà pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ.

Bàbá, mo rántí ìsọ̀ mẹkáníìkì yín. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin ì bá ṣe é? Ẹ ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ẹ ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, ẹ ó ní kí n fi okùn wọn àyè tí ṣọ́ọ̀kì máa nà dé. Ẹ kì í wọn ṣọ́ọ̀kì àtijọ́. Mo la ẹnu.

“Eyínmẹ́nugún, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹni pé gígùn yẹn ló…”

Eyínmẹ́nugún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi: “Ẹ gbà mí o! Ìyàwó wa ti dọ̀gá mẹkáníìkì! Ìyàwó, ṣé ọbẹ̀ tí iyọ̀ ò tó nìyí?”

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo wolẹ̀, wọ́n san owó èyí tó ń dán.

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ní mò ń rùn bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, mi ò wá sí ìsọ̀ yín mọ́. Ẹ ò bá mi wí. Ẹ kàn ń fúnra yín na okùn yín. Ṣé ó dùn yín? Mi ò bi yín títí ẹ fi jáde láyé.

Nígbà tí a délé, tí àwọn ọkùnrin lọ kírun Jímọ̀, mo gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀, mo wọn àyè náà. Ṣọ́ọ̀kì yẹn fi ìka mẹ́rin kúrú. Mo fi han ọkọ mi nígbà tó wọlé wá mumi. Ó wo okùn, ó wò mí, ó padà síta. Ẹni tó tà á fún wa ní òun á pààrọ̀ rẹ̀ bí wọn ò bá tíì dè é, bí wọ́n bá dè é, ó tán. Lọ́la ni ọkọ mi máa kó èrò. Mò ń gbọ́ ìró sípánà níwájú ilé báyìí. Bí mo bá tún sọ̀rọ̀, wọ́n á ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Bí mi ò bá sọ ọ́ ńkọ́, Bàbá?

Sípánà ti dákẹ́. Ọkọ mi ń pè mí: “Ìyàwó mi! Wá sọ ọ́ fún Bọ̀dá fúnra rẹ!”

Mo ti mú okùn, mò ń lọ. Mo fẹ́ràn yín, Bàbá mi. Mo máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀, lẹ́yìn náà mo máa sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀kì yẹn fi ìka mẹ́rin kúrú, kí wọ́n má dè é.