Etí Búrẹ́dì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń kùn sí ikọ́ Bàbá Sìkírù, ará yàrá kejì. Lónìí tí n kò gbọ́ ọ, ẹ̀rù bà mí. Mo ra búrẹ́dì, mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn.

Wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n rí búrẹ́dì, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Màmá Bọ́lá, èmi àti wíìtì ti parí ọ̀rẹ́."

Wọ́n ní ní wáàfù Àpápá, ẹ̀rọ ló ń fa wíìtì, ọkà tí wọ́n ń lọ̀ ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì, jáde nínú ọkọ̀ òkun, ṣùgbọ́n kì í fa ti igun. Àwọn àti ẹgbẹ́ wọn ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ fi ṣọ́bìrì kó ìyókù, wọ́n á di àkísà tútù mọ́ imú. Ọdún mọ́kàndínlógún. Eruku wíìtì yẹn ló wà láyà wọn báyìí.

"Ṣé búrẹ́dì ṣì ń dùn?"

"Ó ń dùn, sà."

Irọ́ ni. Àárọ̀ yìí náà ni mo gé etí búrẹ́dì tèmi dà nù torí ó le. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo garawa ìdọ̀tí ni. Èèrà ti bò ó.

Ikọ́ wọn tún ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ọlọ́run, má jẹ́ kó dákẹ́.