Àwọn Àgbò Ìyá Muadh Wà Nínú Ilẹ̀ Tí Ẹ Fún Mi

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó,
Súrùlérè, Èkó.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú àárò mi. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí orúnkún yín ti fúyẹ́, kí ẹ sì ti máa dá lọ sí mọ́ṣáláṣí láìmú ọ̀pá. Èmi àti Muadh wà dáadáa. Ìyàwó ni mí o, Bàbá! Láràárọ̀ ni mo ṣì ń wo òrùka ọwọ́ mi bí ẹni tó yá a lò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń fi pa mọ́ fún yín. Nígbà tí ẹ pè wá láti kí wa kú ọdún Iléyá, tí ẹ ní, "Ayọ̀kànmí, àna mi ò ní fi itan àgbò ránṣẹ́ sí mi ni?" ẹ̀rín ni mo rín. Kò sí àgbò, Bàbá. Omi ti pa gbogbo àgbò Ìyá Muadh kí ọdún tó dé. Inú ilẹ̀ tí ẹ fún mi la sin wọ́n sí.

Ẹ mọ̀ pé àgbò tí ìyá ọkọ mi ń sìn lẹ́yìn ilé ló fi tọ́ Muadh dàgbà. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, olè àgbò a máa pọ̀ ládùúgbò wa. Nítorí náà ni Ìyá fi máa ń so wọ́n mọ́ òpó pẹ̀lú ṣéènì, tí á fi àgádágodo tì wọ́n, tí á sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìṣẹ́tí ìró. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá yẹn rọ̀, ó ti lọ ra èèpo ẹ̀wà ní Múṣín. Muadh wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ládìpọ̀. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Kánáàlì kún, omi ya wọ àgbàlá, ó dé orúnkún mi, ó dé àyà mi. Mo fi òkúta lu àgádágodo títí, kò ṣí. Àwọn àgbò na ọrùn sókè, wọ́n ń wò mí, ṣùgbọ́n ṣéènì wọn kò gùn. Nígbà tí Ìyá fi máa la omi dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò sí èyí tó ń ké mọ́.

Mi ò sunkún. Títí di òní, ara mi kú tipiri, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí dókítà eyín gún lábẹ́rẹ́: mo mọ̀ pé tèmi ni, ṣùgbọ́n n ò mọ̀ ọ́n lára. Làálì ìgbéyàwó ṣì pupa lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń di ẹsẹ̀ àgbò mú. Ayọ̀ mi wà, mo mọ ibi tó wà. Àfi bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń bá mi yọ̀ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọkùnrin kan ti dúró sí ẹ̀yìn ògiri. "Màmá, ẹran ṣì dáa o! Ẹ tà á fún wa, ká fi sun sùyà, kó má ṣòfò." Ìyá kò tilẹ̀ dìde. Ó ní, "Igúnnugún gan-an máa ń kọ́kọ́ jókòó wò ná. Ẹran tí a kò dú, òkú ni. Ẹ ò ní fi tèmi bọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Wolé-wolé wá. Ó ní a ò gbọdọ̀ dà wọ́n sí kánáàlì, pé ilẹ̀ tó ga, tó jìnnà sí kànga, ni ká sin wọ́n sí. Omi ṣì wà ní gbogbo àgbàlá tó wà nítòsí. Ilẹ̀ tèmi nìkan ló gbẹ. Bàbá, mo rántí ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ tí ẹ mú mi débẹ̀: "Ilẹ̀ yìí mọ́. Tìrẹ ni, kì í ṣe ti àwọn àna mi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da nǹkan kan síbẹ̀ kí n tó wá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀." Muadh kò bẹ̀ mí. Ìyá tilẹ̀ ní, "Rárá o, ilẹ̀ onílẹ̀ ni." Èmi ni mo ní kí wọ́n kó wọn lọ. Ẹ̀yìn pátápátá la gbẹ́ kòtò náà sí, níbi tí ẹ ní kí yàrá tiyín wà. Wolé-wolé ní a kò gbọdọ̀ kọ́lé sórí rẹ̀.

Láràárọ̀, Ìyá á gbá àgbàlá tí kò sí ìgbẹ́ ẹran níbẹ̀, á sì wọlé.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹ lè bínú, kí ẹ má wá mọ́. Muadh ní tí ẹ bá fẹ́ gba ilẹ̀ yín padà, ká fi ọ̀wọ̀ dá a padà, ká máa gbé yàrá tí a háyà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fojú ara yín rí i kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Iwájú ilẹ̀ náà ṣì fẹ̀. Yàrá yín lè kọjú sí títì, kí ẹ máa rí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn àti ara líle jíǹkí yín. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Omi kò ní gbé ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kó jọ.

Èmi ni ọmọ yín, ìyàwó tuntun,
Ayọ̀kànmí.

Àfikún: Bíríkìlà ń bi mí níbi tí òun máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀. Mo ní kó fi ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀, pé ẹsẹ̀ Bàbá mi ló máa tẹ ibẹ̀ hàn án. Bí ẹ kò bá wá, kò ní gbẹ́. Ẹ bá mi sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi Láyí àti gbogbo ará ilé: Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Keje, kí òrùn tó mú, ni kí gbogbo yín ti dé.