Apá Saturnino àti Ọjọ́ Ìkẹyìn Ẹgbẹ́ Lékeléke

Boca Vieja, Puerto Rico,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 2006.

Saturnino, àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí Iraida ọmọ yín tí mo gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì rẹ̀. Ṣé òtútù Chicago ò tíì gbé yín mì? Ní tèmi, ara le díẹ̀, orúnkún nìkan ni kò gbọ́ràn mọ́.

Wọ́n ti wó pápá béèsìbọ́ọ̀lù wa. Lọ́jọ́ Ajé ni katakata dé, nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, gbogbo ibi ìjókòó ti di òkìtì. Àwa arúgbó méje la dúró lẹ́bàá wáyà tí à ń wò ó. Goyo tó máa ń ta ẹja díndín lẹ́nu ọ̀nà ní, “Kí lẹ̀ ń fajú ro sí? Nígbà tí ẹgbẹ́ yín wà láyé, ta ló ń wá wò yín? Èmi àti ewúrẹ́ mi ni!” A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́.

Òótọ́ ló kúkú sọ. Ilé iṣẹ́ ṣúgà ló dá wa sílẹ̀, ó fún wa ní aṣọ funfun bíi ti lékeléke inú oko ìrèké, a sì gba ife-ẹ̀yẹ líìgì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, àwọn ará ìlú ń ti ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ sí New York. Lọ́dún ìkẹyìn yẹn, mo lè ka òǹwòran láti ibi tí mo lóṣòó sí tí mo ti ń hán bọ́ọ̀lù tó o ń jù.

Saturnino, ó ní ohun tí mo ti fi pa mọ́ fún ọ láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Gbogbo yín gbà pé bí a bá borí lọ́jọ́ ìdíje tó kẹ́yìn yẹn, Don Fermín tó gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ṣúgà ò ní tà wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo lọ sílé rẹ̀ láti gba báńdéèjì. Mo bá a lórí fóònù, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú mìíràn tó ra ẹgbẹ́ wa. Ó rí mi, ó ní, “Leoncio, wọ́n ti fọwọ́ síwèé lánàá. Má sọ fáwọn ọmọ yẹn o. Jẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọn.”

Ní abala kẹjọ nínú mẹ́sàn-án, ìgbọ̀nwọ́ rẹ ti wú. Bọ́ọ̀lù tó o ń jù ń wọ ìbọ̀wọ́ mi jẹ́jẹ́ bíi búrẹ́dì. Kóòṣì Evaristo rìn wọ pápá wá, ó ní, “Leoncio, ìwọ lò ń hán an. Ṣé apá ọmọ yìí ṣì ń ṣiṣẹ́?” O wojú mi. O ní, “Bọ̀ọ̀dá Leoncio, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ mí. Bí mo bá kúrò, ẹgbẹ́ yìí kú nìyẹn.”

Mo ní, “Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Kóòṣì.”

Bọ́ọ̀lù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ ró. Síbẹ̀ o lé ọkùnrin tó di igi mú níwájú wa jáde, o jù ú dé òpin, a sì borí. Èmi wà lára àwọn tó gbé ọ lé èjìká. Ò ń sunkún, ò ń rẹ́rìn-ín, ò ń pariwo pé, “A ti gbà á là!” Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni ọ́. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì lo fi ń jẹun.

Mo lè sọ pé mo bẹ̀rù Don Fermín. Irọ́ ni. Mo ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì, mo mọ̀ pé kò sí ẹgbẹ́ tó máa gbà mí mọ́, mo sì fẹ́ borí lẹ́ẹ̀kan sí i. Apá rẹ ni mo fi ra ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí. Kí ó dá àwọn ọmọ rẹ sí. Kí ó má jẹ́ kí wọ́n pàdé ọ̀rẹ́ tó máa dákẹ́ bí mo ṣe dákẹ́.

Èmi ni,
Leoncio,
bàbá ìsàmì Iraida.

Àfikún: Luz Celenia ìyàwó mi ní kí n fa lẹ́tà yìí ya, pé kí ni àǹfààní rẹ̀ báyìí. Mi ò fà á ya. Tí mi ò bá gbúròó rẹ mọ́, màá mọ̀ pé ó dé ọwọ́ rẹ.